Lọ́ọ̀kù Mẹ́rin ní Màálù Róòdù

Bí Àdúràọlá bá ti gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ wọ̀ láàárọ̀, tí ó sì bọ́ sí Màálù Róòdù, ńṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ tó gba ipò kìíní á panu mọ́. Ẹni tó ń bú ìjọba á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú sánmà bíi pé òjò ló ń wá níbẹ̀. Wọ́n á kí i dáadáa o, wọn kì í yájú sí i, àmọ́ irú ìkíni tí èèyàn fi ń sin àlejò jáde ni wọ́n ń kí i.

Ìjọba wa ò kúkú lè tún títì Àpápá ṣe kí ihò má tún yọ kí ọdún tó yí po, ṣùgbọ́n ẹ wo agbára tí wọ́n kó lé obìnrin kan ṣoṣo lọ́wọ́. Àjọ Ààbò Ìrìnnà Ẹrù ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè dá tírélà dúró láàárín títì, kí ó ní kò gbọdọ̀ yí táyà mọ́. Ó lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ó lè pe ẹnikẹ́ni wá búra níwájú òun, olówó ọkọ̀ ni o, baálé ilé ni o, kí ó sì bi í ní ohun tí ó bá fẹ́ bi í. Kò lè ti èèyàn mọ́lé, ilé-ẹjọ́ ò sì gbọdọ̀ fi ohun tí èèyàn bá sọ níwájú rẹ̀ mú olúwarẹ̀, torí pé àwọn tó ṣòfin náà fẹ́ kí àwọn èèyàn lè sọ òótọ́ láìfòyà. Ohun tí wọn ò rò ni ẹni tí yóò máa bá olùgbọ́ òótọ́ jẹun.

Òfin kan náà ló ní kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Àdúràọlá kò gba omi inú ọ̀rá rí ní Màálù Róòdù, bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ní ilé ayé tiwa níbí, ẹni tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, èèyàn kì í mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

Ìkìrun ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Ọláṣùpọ̀, ti lọ sí Kánádà pé òun á ránṣẹ́ wá mú un. Ìpè rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́, Àdúràọlá náà kò sì lé ẹni tó ń sá. Nínú gbogbo Èkó tó kún fọ́fọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a jẹun, ìyẹn Bàbá Omoefe, onílé rẹ̀ ní Olódì-Àpápá.

Philip lorúkọ bàbá náà gan-an. Ọmọ onílẹ̀ ni, orí ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀ ni ilé náà dúró lé, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta ilẹ̀ jẹ, tírélà lòun ń wà ní tirẹ̀, ó sì wà á títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé, ọmọ Ùróbò, ló bí Omoefe fún un, obìnrin náà ló sì kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹyìn. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá á se ọbẹ̀, á ro ṣítáàṣì, á wá fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ pálọ̀ lókè. Àdúràọlá nísàlẹ̀ á gbọ́, á sì gòkè. Orí ẹja ni tirẹ̀. Bàbá ní ẹni tó ń fi orí ṣiṣẹ́ ni orí ẹja tọ́ sí. Omoefe tí í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí òun náà ti ń wa tírélà báyìí, á ní kí wọ́n wá bá òun dá sí i, wọ́n ti fi àjèjì gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Àdúràọlá ń rín lọ́jọ́ yẹn, òun ni ó máa ń lò títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀kù, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn tírélà ni ó wà, irin kúkúrú kan báyìí tó máa ń wọ inú ihò tó wà nídìí kọntéénà. Bí wọ́n bá yí i, kọntéénà àti tírélà ti di ọ̀kan nìyẹn. Ní ẹnu ọ̀nà èbúté, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan jáde láìti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti dé Màálù Róòdù tán, awakọ̀ á dúró díẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ̀, á yípo, á fi gìgísẹ̀ ta lọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kí ó ṣí. Jẹ́-ó-lọ ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé bí ẹrù bá fẹ́ ṣubú, kí ó dá ṣubú, kí ó má gbé orí ọkọ̀ àti awakọ̀ dání. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Kò sí ẹni tó rò pé òun ń ṣe ibi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kọntéénà kan já bọ́ níbi tí títì ti kọ́nà. Abẹ́ agbòjò ni Fàtáì fọkanáísà jókòó sí létí títì, lórí táyà, níbi tó máa ń jókòó sí. Kò rí àyè dìde. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ẹ̀rọ tó lè gbé irin náà kúrò, àwọn ìyàwó ilé Fàtáì ti sunkún sunkún, ohùn wọn ti há. Tírélà tó gbé e wá dúró digbí lórí táyà rẹ̀, kò sí ibi tó ha lára rẹ̀. Ejike tó wà á sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sá lọ.

Níwájú Àdúràọlá ni wọ́n mú Ejike wá. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí Bọ́ńdárì. Àdúràọlá ṣàlàyé òfin fún un, pé ohun tó bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, ààbò ni àwọn ń wá, àwọn ò wá ẹni tí wọ́n máa dè. Nígbà tí Ejike sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

“Mo ṣí i, Aunty. Gbogbo wa la máa ń ṣí i. Na Baba Omoefe teach us. Ó ní tó bá fẹ́ lọ, jẹ́ ó lọ, kí ìwọ náà lè lọ sílé.”

Àdúràọlá bi í ní Bàbá Omoefe wo. Ó mọ èyí tó jẹ́, ó kàn ń wá àyè láti mí ni. Ejike ní bàbá àwọn awakọ̀, tó ń gbé ní Olódì, tí wọ́n máa ń mú awakọ̀ tuntun lọ kí kí wọ́n tó jẹ́ kó dá ọkọ̀ wà. Kò sí awakọ̀ kan ní Màálù Róòdù tí bàbá náà ò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní jẹ́-ó-lọ.

Ibẹ̀ ni agbára tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá di ẹrù fún ẹni tó ni ín. Nítorí òfin ò fi dandan pe Bàbá Omoefe. Ẹni tí Àdúràọlá bá yàn láti pè ni wọ́n máa pè. Ó lè gba ìwé lọ́wọ́ Ejike, kí ó kọ ọ́ pé àìbìkítà awakọ̀ kan ló fà á, kí ó pa fáìlì dé, kí ó sì gòkè lọ jẹ orí ẹja rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tí yóò bi í. Àmọ́ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo awakọ̀ á mọ̀ pé Ejike ni orí rẹ̀ ò dára, wọ́n á sì máa fi gìgísẹ̀ ta lọ́ọ̀kù wọn lọ. Ẹnu bàbá tó kọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà, iwájú gbogbo wọn ló sì ti gbọ́dọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ ìsinmi, bàbá lu ilẹ̀, Àdúràọlá gòkè. Ó jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹni ń jẹ òwú ni. Bàbá bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó ní ó rẹ òun ni. Bàbá tún bu ọbẹ̀ sí i fún un, ó sì ń dárò Fàtáì, ó ní ọmọlúwàbí èèyàn ni, kì í yọ èèyàn jẹ lórí táyà. Àánú Fàtáì ṣe é lóòótọ́. Kò so ikú náà mọ́ ara rẹ̀ rárá, bí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà ló ṣe rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Àdúràọlá fọwọ́ sí ìwé ìpè. Ìránṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pín irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í láti rán ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e gòkè. Bàbá wọ awò rẹ̀, ó kà á, ó bọ́ awò.

“Àdúrà, ìwọ lo fọwọ́ sí i?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O lè má fọwọ́ sí i?”

“Mo lè má fọwọ́ sí i, sà.”

“Fi mí sílẹ̀ nígbà náà, ọmọ mi.”

Àdúràọlá dúró níbẹ̀. Ó wù ú kó gba ìwé náà padà. Ó wù ú débi pé ọwọ́ rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí ilé Fàtáì ní Ajégúnlẹ̀, ó ti jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wọn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gba ìwé náà padà, ọbẹ̀ tí òun ń jẹ níbí yóò máa ní ìtọ́wò ilé yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá má bínú. Bàbá ká ìwé náà, ó fi sí àpò bùbá rẹ̀, ó ní òun á wá.

Gbọ̀ngàn kan ní Àpápá ni ìjókòó náà ti wáyé. Àwọn awakọ̀ kún un débi pé àwọn kan ń wo inú láti ojú fèrèsé. Bàbá Omoefe wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Àdúràọlá ti bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Ọ̀gá.” Ẹni tó ti ń pè é lọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn awakọ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni. Àdúràọlá ní tirẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta.

Bàbá ò sẹ́. Ó ní òun kọ́ wọn, òun tún máa kọ́ wọn. Ó sọ̀rọ̀ Obiora, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀ nígbà èwe. Ọkọ̀ Obiora ṣubú nísàlẹ̀ bíríjì Ìjọra pẹ̀lú lọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní títì. Ẹrù fa orí ọkọ̀ lulẹ̀, ó sì dì í mọ́ inú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Philip di ọwọ́ náà mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀, títí ọwọ́ náà fi tutù. Bàbá ní láti ọjọ́ náà, awakọ̀ tí òun bá kọ́ kò kú sínú ọkọ̀ mọ́ ní Màálù Róòdù, ẹni tó bá fẹ́ bá òun jà lórí ìyẹn kó wá.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àdúràọlá dúró kí ariwo rọlẹ̀.

“Bàbá, Obiora wà nínú ọkọ̀, ó mọ̀ pé ọkọ̀ lòun ń wà. Fàtáì jókòó lórí táyà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á délé bí ẹrù òun tilẹ̀ ṣubú, á sáré gba kọ́nà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun àti ẹrù ló jọ máa ṣubú, á rọra. Kò sí nǹkan míì tí mo fẹ́ sọ.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àṣẹ ti jáde: tírélà tí wọ́n bá bá lọ́ọ̀kù rẹ̀ ní ṣíṣí níbikíbi ní Màálù Róòdù, wọ́n á dá a dúró, awakọ̀ rẹ̀ ò sì ní wakọ̀ ẹrù mọ́ títí àjọ á fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Orúkọ Àdúràọlá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Ejike fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Omoefe, wọn ò fi ohunkóhun jẹ ẹ́ níyà, òfin ò ní ìyà fún ẹni tó kọ́ni. Àmọ́ Àdúràọlá kọ̀wé sí i pé àjọ bẹ̀ ẹ́ kí ó má kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, wọn kì í mú awakọ̀ tuntun wá kí bàbá mọ́.

Bàbá ò lé Àdúràọlá kúrò nílé. Bàbá Omoefe kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Àdúràọlá lè kọjá, á ní, “Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá.” Lọ́jọ́ ìsinmi, òórùn ọbẹ̀ ẹyìn á gba ojú fèrèsé wọlé, Àdúràọlá á jókòó sórí ibùsùn, á máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè. Kò sí ẹni tó lu ilẹ̀. Búrẹ́dì ló ń jẹ, tí tíì á sì tutù níwájú rẹ̀. Àárò bàbá sọ ọ́ gan-an. Ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, ìyẹn sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà mìíràn á máa bá ara rẹ̀ rò ó pé bóyá agbára tí wọ́n fún òun, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí èèyàn máa dá jẹun.

Àwọn awakọ̀ ń ti lọ́ọ̀kù. Wọ́n ń bú Àdúràọlá, síbẹ̀ wọ́n ń ti lọ́ọ̀kù wọn. Ọkọ̀ wá ń rọra lọ ní títì náà.

Òjò tún dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tẹlifóònù ọ́fíìsì dún pé tírélà kan ti ṣubú ní kọ́nà kan náà. Ihò kan tó farapamọ́ sábẹ́ omi ló gba táyà rẹ̀. Kọntéénà kò já. Ó fa tírélà àti orí ọkọ̀ lulẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tó kú létí títì, kò tilẹ̀ sí ẹni tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Awakọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúràọlá bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé Omoefe ni.

Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí ó rán ẹlòmíràn lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dáhùn pé agbègbè iṣẹ́ rẹ̀ ni Màálù Róòdù, àṣẹ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, òun náà ni yóò lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìwòsàn ní Ajégúnlẹ̀. Omoefe wà lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kúrò láti orúnkún wálẹ̀. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Kò wo ẹnu ọ̀nà.

Àdúràọlá kúnlẹ̀ kí bàbá. Bàbá dáhùn. Ó kí Omoefe, ó ní kó má bínú pé iṣẹ́ ló gbé òun wá. Ó ṣàlàyé òfin fún un bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ejike. Ó wá bi í ní ohun tó gbọ́dọ̀ bi í, bóyá ó ti lọ́ọ̀kù.

“Mo tì í, Sister. All four. Àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá, wọ́n pọ̀ gan-an, ni mo ṣe ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń dà lọ, ó ń rọra dà, wọ́n ríbi sá sí.” Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. “Tó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, eré ni mi ò bá fi gba kọ́nà yẹn. Mi ò bá má tiẹ̀ rí wọn.”

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ bàbá. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: ìrètí kan dìde nínú Àdúràọlá nígbà yẹn, ojú sì tì í pé ó dìde níbi ibùsùn ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó rò pé bàbá ti gbọ́. Ó rò pé bàbá á pe òun ní Àdúrà.

Bàbá gbọ́ lóòótọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ó wá yíjú sí obìnrin náà, omi sì wà lójú rẹ̀.

“Àwọn òbí àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan fún àwọn. Wọn ò ní mọ̀ láé, wọn ò sì ní dúpẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ mi lẹ sì fi rà á, ẹnu mi ò lè dúpẹ́. Ẹ máa lọ, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́.”

Omoefe pe bàbá rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n Àdúràọlá ti dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jáde.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé kọ́nà Màálù Róòdù. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà kúrò. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ọmọ ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn létí títì, ìyá kan sì ń fa ti tirẹ̀ létí nítorí bàtà tó dọ̀tí. Obìnrin kan ti gbé iná bọ̀ọ̀lì rẹ̀ sí ibi tí kọntéénà náà dojú bolẹ̀ sí lánàá. Àdúràọlá dúró, ó kí i, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ó wù ú kí ó kàn gbọ́ ohùn èèyàn.

Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó sì yára dìde, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀gá má bínú, òun ti ń kó ẹrù òun kúrò níbẹ̀.